Oyún èso àjàrà tí iye hCG rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ mọ́: ṣé dandan ni kí wọ́n yọ ilé ọmọ àbúrò mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Fìà ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé. Àbúrò mi obìnrin, ẹni ọdún 27, tó ti bí ọmọ kan, lóyún. Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Skáànù ní kò sí ọmọ níbẹ̀, pé oyún èso àjàrà ni. Wọ́n fa gbogbo rẹ̀ jáde, wọ́n ní kó máa ṣe tẹ́ẹ̀sì hCG, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì oyún inú ẹ̀jẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èsì rẹ̀ nìyí: kí wọ́n tó fà á, 210,000, ọ̀sẹ̀ kìíní, 18,400, ìkejì, 3,900, ìkẹta, 1,150, ìkẹrin, 1,120, ìkarùn-ún, 1,190, ìkẹfà, 1,165. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a ṣe é ní lábù mìíràn nítòsí ilé, ó jẹ́ 940. Skáànù tuntun rí nǹkan kan tó tó sẹ̀ǹtímítà 3.4 nínú ilé ọmọ. Ẹ́sírè àyà kò rí nǹkan kan. Dókítà kan ní ó ti di jẹjẹrẹ, pé abẹ́rẹ́ ló kàn. Dókítà kejì ní kí wọ́n yọ ilé ọmọ kó má bàa ràn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní 940 ti fi hàn pé ó ń lọ, pé agbo àti omi Ọ̀ṣun ni kó máa mu. Èsì ẹran tí wọ́n fi ránṣẹ́ fún histology, ìyẹn àyẹ̀wò ẹran ara ní lábù, kò tíì dé. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ kọ iye ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nínú àìsàn yìí, ìwé pélébé tí iye wọ̀nyẹn wà ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ń sọ ọ́ ju skáànù lọ, ó sì ń sọ ọ́ ju bí ara aláìsàn ṣe ń ṣe é lọ.

Dókítà àkọ́kọ́ ló tọ̀nà. Ó ti di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó wà lára àwọn jẹjẹrẹ tó rọrùn jù láti wò sàn pátápátá, kódà nígbà tó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ kẹ́mò, ìyẹn òògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni torí 1,165 yọ ilé ọmọ obìnrin ẹni ọdún 27 tó ṣì ń fẹ́ ọmọ.

Ohun tó wà nínú ilé ọmọ náà

Ìyá a máa fún ọmọ ní ìdajì ohun àjogúnbá, bàbá a fún un ní ìdajì yòókù. Nínú oyún èso àjàrà tó pé, ẹyin obìnrin ti sọ ìdajì tirẹ̀ nù. Àtọ̀ tó wọlé á wá sọ ara rẹ̀ di méjì, tàbí kí àtọ̀ méjì wọlé pọ̀, nǹkan náà á sì máa dàgbà. Kò lè di ọmọ. Olóbi nìkan ló ń hù, omi ń kún inú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ títí yóò fi wú ní kókó kókó, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ èso àjàrà.

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún àwọn ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò jẹ ọmọ kan nínú. Ọmọ kò sí níbẹ̀ rí. Kì í ṣe ohun tí àbúrò yín jẹ, kì í ṣe ohun tó gbé, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọkọ rẹ̀. Mo fi ti ọkọ kún un nítorí pé bí àwọn kan bá ti gbọ́ pé ti bàbá ni gbogbo ohun àjogúnbá náà, ọ̀dọ̀ ọkọ ni wọ́n máa ń kọjú ìjà sí.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá fa irú oyún bẹ́ẹ̀ jáde, ara obìnrin fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń pa èyí tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin 100 tó ní irú tó pé yìí, nǹkan bí 15 sí 20 ni ìyókù náà á máa dàgbà nínú wọn, á máa jẹ wọ inú ògiri ilé ọmọ. Irú kejì wà tí ohun àjogúnbá ìyá wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tún lè rí ẹ̀yà ọmọ díẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Tìyẹn kì í sábà kọjá 5 nínú 100.

Bí a ṣe ń ka iye hCG

hCG ni ohun tó ń mú kí ìlà méjì jáde lórí igi àyẹ̀wò oyún. Sẹ́ẹ̀lì olóbi ló ń ṣe é. Bí sẹ́ẹ̀lì olóbi bá ṣì wà láàyè níbikíbi, ìbáà jẹ́ nínú ilé ọmọ, ìbáà jẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró, hCG á wà nínú ẹ̀jẹ̀. Díẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó ń fi ara rẹ̀ hàn kedere tó báyìí.

FIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn dókítà obìnrin, ti fi ìlànà lélẹ̀. Ó ti di jẹjẹrẹ bí iye náà bá dúró sójú kan fún tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyẹn ọjọ́ 1, 7, 14 àti 21, tí ìyàtọ̀ àárín wọn kò ju 10 nínú 100 lọ. Ó tún ti di jẹjẹrẹ bó bá ń gòkè fún tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọjọ́ 1, 7 àti 14, tàbí bí histology bá ti fi ojú rí i pé choriocarcinoma, ìyẹn jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì olóbi, ni.

Ẹ wá wo ti àbúrò yín. Láti 210,000 dé 1,150, ó ń já wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta ló ti yí padà: 1,150, 1,120, 1,190, 1,165. Tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù kò ju 70 lọ, ìyẹn bíi 6 nínú 100. Ó ti dúró sójú kan. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

940 ló ń tan ìdílé yín jẹ. Ẹ̀rọ lábù méjì kì í ka hCG bákan náà. Ọ̀kan lè ka ẹ̀jẹ̀ kan sí 1,150, kí èkejì ka ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an sí 940, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe. Ẹ pa 940 tì. Ẹ padà sí lábù àkọ́kọ́, kí ẹ máa lọ lọ́jọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ẹ̀yà ìwọ̀n sórí èsì. IU/L àti mIU/mL, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.

Nǹkan kan tún wà tí kò náni lówó, tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Kí àbúrò yín fi igi àyẹ̀wò oyún yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ní 1,165, ìtọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìlà méjì hàn. Bí ìtọ̀ bá ní kò sí nǹkan kan, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró ná, kí ẹ ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ irú mìíràn, nítorí pé àwọn èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn kan tó máa ń tan ẹ̀rọ jẹ, tí ẹ̀rọ á máa ka hCG tí kò sí níbẹ̀. Àwọn obìnrin kan ti gba kẹ́mò, wọ́n ti pàdánù ilé ọmọ, lórí irú iye èké bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: nígbà tí oyún èso àjàrà bá ṣì wà nínú, hCG lè pọ̀ débi pé igi ìtọ̀ á ní kò sí oyún rárá. Bí ikùn bá tóbi, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, tí èébì pọ̀ kọjá àlà, tí igi sì ní kò sí oyún, ẹ ní kí lábù fi omi la ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ náà kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò.

Kí skáànù sì ti rí i dájú pé kì í ṣe oyún tuntun ló wà níbẹ̀. Bí àbúrò yín kò bá tíì ṣe ìfètò-sọ́mọ-bíbí kankan láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ ilé ọmọ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà láì tijú.

Ẹ má dúró de histology

Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ni a kì í fún èèyàn ní kẹ́mò fún láì rí èsì ẹran. Èyí yàtọ̀. Lẹ́yìn oyún èso àjàrà, iye hCG tó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ ṣì máa wá èsì náà, nítorí pé ó máa sọ irú èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ẹ sì béèrè inú ohun tí wọ́n fi ẹran náà sí nígbà tí wọ́n fi ránṣẹ́. Formalin, omi òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ló yẹ. Bó bá jẹ́ omi lásán, ó ti bàjẹ́ lọ́nà, ẹ kò sì ní rí èsì kan gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má tún gé ẹran mìíràn láti lè mọ̀. Olóbi fẹ́ràn ẹ̀jẹ̀, jẹjẹrẹ tó ti ara rẹ̀ jáde bẹ́ẹ̀ náà ni. Nígbà mìíràn dókítà á rí kókó kan tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ àlùkò lójú ara obìnrin. Ẹni tí kò bá mọ̀ á fẹ́ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ̀jẹ̀ tó máa tú jáde níbẹ̀ sì lè gba ẹ̀mí kí wọ́n tó rí i dá dúró. Ojú la fi ń wo kókó yẹn, ọ̀bẹ kì í kàn án.

Máàkì tó ń sọ irú abẹ́rẹ́ tó máa gbà

Kí dókítà tó yan òògùn, ó máa ṣírò máàkì FIGO. 0 sí 6 jẹ́ ewu kékeré, òògùn kan ṣoṣo ló ń gbà. 7 sókè jẹ́ ewu ńlá, àdàlù òògùn márùn-ún ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àbúrò yín pọ̀.

Ọjọ́ orí: kò tó 40, òdo. Oyún tó ṣáájú: èso àjàrà, òdo, bó bá jẹ́ oyún tó wálẹ̀ ni, 1, bó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí, 2. Àkókò láti ìgbà oyún náà: kò tó oṣù mẹ́rin, òdo, bó bá lé ní ọdún kan, 4 ni. Iye hCG: láti 1,000 dé 10,000, 1. Bí nǹkan tó wà níbẹ̀ ṣe tóbi tó: sẹ̀ǹtímítà 3.4, 1, bó bá pé 5, 2. Ibi tó ràn dé: kò sí, òdo; ẹ̀dọ̀fóró náà kì í gba máàkì kankan ní apá yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ, 4. Iye kókó tó ràn: òdo. Kẹ́mò tó ti kùnà tẹ́lẹ̀: kò sí, òdo.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2. Ipele kìíní, ewu kékeré. Nínú àwọn tó wà ní 0 sí 6, bíi gbogbo wọn ló ń wò sàn, bí òògùn kìíní kò bá tiẹ̀ tó, ìkejì á parí rẹ̀.

Kí ló dé tí a kò fi ní yọ ilé ọmọ? Nítorí pé yíyọ ọ́ kò dáàbò bò ó tó bí ẹ ṣe rò. Sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń tètè bá ẹ̀jẹ̀ lọ, nítorí náà obìnrin tí wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣe hCG, ó sì ṣì lè gba kẹ́mò níkẹyìn. Iṣẹ́ abẹ náà ní àyè tirẹ̀: fún ẹni tó ti bímọ tán tó sì fara mọ́ ọn, fún ẹ̀jẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, àti fún àwọn irú kan tó ṣọ̀wọ́n gan-an, bíi placental site trophoblastic tumour, tí methotrexate, òògùn tí wọ́n máa kọ́kọ́ fún àbúrò yín, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa fún. Fífọ ilé ọmọ lẹ́ẹ̀kejì náà, àwọn àgbà dókítà máa ń gbé e yẹ̀ wò fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ògiri ilé ọmọ ti rọ̀ níbi tí jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́, irinṣẹ́ lè gba inú rẹ̀ já. Èmi kò ní fi ṣe àkọ́kọ́ fún un.

Methotrexate: bí wọ́n ṣe ń gún un, ọjọ́ sí ọjọ́

Òògùn náà kì í ṣe tuntun. Ní 1956 ni Min Chiu Li àti Roy Hertz ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé methotrexate wo choriocarcinoma sàn lára àwọn obìnrin tó ti ràn kálẹ̀ nínú wọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ dókítà ṣì gbà pé kẹ́mò kò lè wo irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ sàn láéláé.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò tó yẹ kó wà nílẹ̀ ni iye ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì funfun àti platelet (èyí tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì), kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B (hepatitis B), irú ẹ̀jẹ̀, àti ẹ́sírè àyà tí ẹ ti ṣe. Bí ẹ́sírè bá mọ́, kò pọn dandan kí ẹ náwó lórí skáànù ọpọlọ.

Ètò tó wọ́pọ̀ jù lọ rí báyìí: methotrexate 50 mg, ní ìdí tàbí itan, lọ́jọ́ 1, 3, 5 àti 7. Folinic acid 15 mg, oníhóró, lọ́jọ́ 2, 4, 6 àti 8. Ìsinmi ló kàn, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì mìíràn lọ́jọ́ 15. Ìgò kékeré tó ní 50 mg nínú 2 mL ló wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìgò tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ wà, kí nọ́ọ̀sì ka ara ìgò sókè kó tó fà á.

Aago ni ohun tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Folinic acid ló ń yọ sẹ́ẹ̀lì ara tó dára lọ́wọ́ methotrexate, nǹkan bí wákàtí 30 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló sì yẹ kó wọlé. Bí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kó gbé e mì. Bó bá yá jù, ó lè bá abẹ́rẹ́ náà jà. Bó bá pẹ́ jù, ẹnu á bó. Kí ẹ fi aago fóònù sí i.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa bọ́ sí Ajé, Ọjọ́rú, Ẹtì àti Àìkú. Kò sí ọjọ́ tó lè bẹ̀rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kan kò ní bọ́ sí Àbámẹ́ta tàbí Àìkú, ọjọ́ tí klíníìkì kì í ṣí. Ẹ ṣètò ẹni tó máa gún ti òpin ọ̀sẹ̀ kí ẹ tó gún ti àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fò wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìtọ́jú yìí falẹ̀, kì í sì í ṣe agbára òògùn ló kùnà.

Ibi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù nìyí: folinic acid kì í ṣe folic acid. Folic acid ni hóró kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n ń fún aláboyún. Kò lè ṣe iṣẹ́ folinic acid, ó sì lè dín agbára methotrexate kù. Lórí páálí òògùn tí ẹ máa rà, ẹ wá orúkọ leucovorin tàbí calcium folinate. Bí ẹni tó wà ní fámásì bá ní “ọ̀kan náà ni”, ẹ rọra gba owó yín padà. Kí àbúrò yín sì dá folic acid àti àwọn fítámì tó ní in nínú dúró títí ìtọ́jú á fi parí.

Àwọn òògùn tí kò gbọ́dọ̀ bá methotrexate pàdé: Septrin, diclofenac, ibuprofen, aspirin. Wọn kì í jẹ́ kí kíndìnrín tètè lé methotrexate jáde, ó sì lè di májèlé sínú ara. Paracetamol ni fún ẹ̀fọ́rí. Kó máa mu omi dáadáa, kó má mu ọtí.

Ṣáájú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí neutrophil, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan, bá wà lábẹ́ 1.5 tàbí platelet lábẹ́ 100, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn máa ń sún un síwájú fún ọjọ́ díẹ̀. Irun kì í sábà jábọ́ lórí òògùn yìí. Egbò ẹnu, ojú tó ń ta, àti ìrora àyà nígbà tó bá ń mí sínú lè wáyé, ẹ sọ ọ́ kíákíá. Ibà tó bá dé 38°C nígbà kẹ́mò, ìbáà jẹ́ ní òru, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe òògùn ibà láti kẹ́mísìtì. Ó lè jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun ti tán ni. Ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ díẹ̀ ní kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Bó bá ń rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ìgbà tó máa dáwọ́ dúró, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí iye kò bá já

hCG gbọ́dọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 5. Ibẹ̀ gan-an ni ìtọ́jú ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń bàjẹ́, nítorí pé ara ti yá, èsì ti dára, owó sì ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ bá ka iye tó bójú mu, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ṣì lè wà níbẹ̀ tí kò tó ohun tí ẹ̀rọ lè rí. Nítorí náà wọ́n á tún gún kọ́ọ̀sì méjì sí mẹ́ta sí i lẹ́yìn tó bá ti mọ́. Mẹ́ta ni mo fara mọ́. Àwọn tó gba méjì péré ni àìsàn náà ń padà sí lára jù. Lápapọ̀, ẹ fọkàn sí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún.

Bí iye náà bá dúró sójú kan fún kọ́ọ̀sì méjì, tàbí bó bá gòkè, ìyẹn ni pé ó ti mọ́ methotrexate lára. Wọ́n á yí i sí òògùn kẹ́mò mìíràn, actinomycin D, 1.25 mg fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ti ara, tí kò ní ju 2 mg lọ, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Kí nọ́ọ̀sì tó gbówọ́ ló ta á, nítorí pé bó bá dà síta iṣan, ẹran ibẹ̀ á kú. Ṣùgbọ́n bí iye bá ṣì ga gan-an nígbà tí methotrexate kọ̀, EMA-CO ni wọ́n máa ń lọ bá tààrà, ìyẹn àdàlù òògùn márùn-ún tí mo sọ lókè, tí wọ́n ń fún àwọn tó ní máàkì 7 sókè. Tìyẹn ń já irun, ó sì gba ilé ìwòsàn tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó lé ní 90 nínú 100 tó ń yè é.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ fún àwọn mìíràn tó ń ka èyí. Kì í ṣe ẹ̀yìn èso àjàrà nìkan ni choriocarcinoma ti ń wá. Bíi ìdajì ló ń wá láti ibẹ̀. Ìyókù ń wá lẹ́yìn oyún tó wálẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ́, àti lẹ́yìn ọmọ tí wọ́n bí wẹ́rẹ́, kódà lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Ti ẹ̀yìn ọmọ bíbí ló ń pa èèyàn jù, nítorí pé ọkàn ẹnikẹ́ni kì í lọ síbẹ̀. Obìnrin ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní ikọ́ ife ni, wọ́n fún un ní òògùn oṣù mẹ́fà. Òmíràn ṣubú lójijì, apá kan rọ, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Tẹ́ẹ̀sì oyún kan péré ì bá ti sọ òótọ́. Obìnrin tó ṣì wà lọ́jọ́ orí ọmọ bíbí tó bá ń wú ikọ́ ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà lára rẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ lẹ́yìn oyún èyíkéyìí, kí wọ́n yẹ hCG rẹ̀ wò.

Agbo, omi Ọ̀ṣun, àti ibi tí ẹ máa lọ

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ti ìyá ọkọ rẹ̀. Ẹ sọ fún ìyá pé kíndìnrín ló ń gbé methotrexate jáde, pé agbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dí ọ̀nà náà, kó sì sọ òògùn di májèlé. Ní ti omi Ọ̀ṣun, ẹni tó bá gbà á gbọ́ lè fi gbàdúrà fún un. Mímu ni kó má mu. Ojú gbogbo wa ni iṣẹ́ ìwakùsà fi sọ odò náà di ẹrẹ̀, ẹni tí kẹ́mò sì ti dín sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kù kò gbọ́dọ̀ mu omi odò kankan tí a kò sè.

Ní Òṣogbo, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka àìsàn obìnrin ní UNIOSUN Teaching Hospital, tó ń jẹ́ LAUTECH tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí UCH ní Ìbàdàn, ẹ má wò ó bí ẹni tí wọ́n lé. Kò sì burú kí ibẹ̀ kọ ètò ìtọ́jú sílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó mọ kẹ́mò ní Òṣogbo máa gún un, kó má bàa máa wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ibikíbi tí ẹ bá dé, ẹ béèrè bóyá folinic acid wà nílẹ̀, bóyá lábù wọn ń ka iye hCG gan-an kì í ṣe “ó wà” tàbí “kò sí”, àti ẹni tó máa gún ti Àìkú. Ìdáhùn wọn á sọ fún yín bóyá wọ́n ti ṣe é rí. Bó bá ní káàdì ìbánigbófò ìlera, O'HIS ti Ọ̀ṣun tàbí NHIA ti ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè ohun tó bò kí ẹ tó sanwó. Owó tẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ dìídì yà sọ́tọ̀, nítorí pé òun ló máa ń gùn jù: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ìtọ́jú á fi parí, lẹ́yìn náà lóṣooṣù fún oṣù 12.

Nínú oṣù 12 yẹn, kò gbọ́dọ̀ lóyún. Oyún tuntun á gbé hCG sókè, a kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti jẹjẹrẹ mọ́. Òògùn oníhóró ìfètò-sọ́mọ-bíbí tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí apá dára, kò ní jẹ́ kí àìsàn náà burú sí i. Lúùpù nìkan ni kó má tíì fi sínú ilé ọmọ títí hCG á fi mọ́. Kí òun àti ọkọ rẹ̀ ní sùúrù lórí ìbálòpọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, tí iye náà á sì ti já gan-an.

Lẹ́yìn ọdún kan yẹn, ó lè lóyún. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gba methotrexate ló ń bí ọmọ tó pé, nǹkan bí 1 nínú 100 péré ni èso àjàrà á tún wáyé lára wọn. Kó lọ ṣe skáànù nígbà tí oyún bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kó sì ṣe hCG lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá bímọ, kódà bí ara rẹ̀ bá dá ṣáká.